Abẹ́rẹ́ Méjìlá

Ní Ọjọ́bọ̀, tí tírélà rẹ̀ bá mí fúù níwájú ìta,
tí gíláàsì fèrèsé wa gbọ̀n,
mo ti mọ̀ pé Wasyl Hrynkiw dé.
Á gbọn yìnyín kúrò lẹ́sẹ̀,
á ṣí fìlà bí ẹni wọ ṣọ́ọ̀ṣì,
á kọjú sí ògiri tí aṣọ jókòó sí ní rólù-rólù.
Àwọn ló máa ń kọ́kọ́ kí kó tó kí èmi.

Ọmọ ọdún mọ́kànlélógún ni mí nígbà náà,
mo rò pé aṣọ títà kò ju ká wọn yáàdì,
ká gé e kó tọ́, ká gbowó.
Mo máa ń to pupa sọ́dọ̀ pupa, àwọ̀ ewé sọ́dọ̀ àwọ̀ ewé.
“Odarka,” ló wí, “o tò wọ́n bí ẹlẹ́wọ̀n.
Jẹ́ kí wọ́n bára wọn jà díẹ̀.”

Bernadine ọ̀gá mi ní ọkùnrin náà ò mọ àwọ̀ yàn.
Ó ń ra àwọ̀ eérú mọ́ àwọ̀ ìyeyè,
ó ń ra búlúù tó ti ṣá,
ó ra pupa kan tó burú,
tó dà bí iná ẹ̀yìn ọkọ̀ nínú kùrukùru.
Nílé epo, àwọn awakọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é ní Ìyá Àgbà.
Kò bá wọn jà. Ó ní lálẹ́ tí ẹ́ńjìnnì bá kú
lójú ọ̀nà Regina,
òtútù kì í béèrè ta ló rán ìbora.

Òun ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń wo aṣọ.
Á bọ́ awò ojú rẹ̀,
á dijú ku tín-ń-tín,
á máa fẹ̀yìn rìn títí ìdí rẹ̀ á fi kan àpótí bọ́tìnnì.
“Àwọ̀ máa ń purọ́.
Ìmọ́lẹ̀ àti òkùnkùn inú rẹ̀ ni kì í purọ́.
Èyí tó bá pòórá, fi í sẹ́yìn.
Èyí tó bá ṣì ń pè ọ́, òun lo máa gé.”

Ó ní yìnyín kì í ṣe funfun.
Ó nàka síta, ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́:
ó ń pọ́n létí òrùlé, ó ń dá aró nínú kòtò.
Ó ra oríṣi mẹ́rin nínú ohun tí mò ń pè ní funfun,
méjì ò jọra.

Nílé wa, ohun ìtìjú ni abùlẹ̀,
abẹ́ apá ni màmá mi máa ń fi tirẹ̀ pamọ́ sí.
Ti Wasyl, abùlẹ̀ gan-an laṣọ.
Tú abùlẹ̀ kúrò,
kò sí aṣọ mọ́.

Oṣù Kejì, ó wọlé, kò wo ògiri.
Ó tẹ́ àkísà fánẹ́ẹ̀lì kan sórí kóńtà,
abẹ́rẹ́ méjìlá wà lára rẹ̀, wọn ò lówùú.
“Ihò wọn ti ń kéré sí i,”
bíi pé abẹ́rẹ́ ló ń darúgbó.
Ó ní òun ṣì ń rí àgbọ̀nrín láti máìlì kan,
ìtòsí ló sọnù.

N ò sọ nǹkan kan.
Mo fi itọ́ ra ṣóńṣó òwú,
mo kì í bọ̀ ọ́, ọ̀kan tẹ̀ lé ọ̀kan,
òwú kọ̀ọ̀kan gùn tó ọwọ́ mi dé ìgúnpá.
Abẹ́rẹ́ á lọ kí ọ̀nà okùn tó dí.
Ní Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e, gbogbo wọn padà lófìfo.
Bẹ́ẹ̀ náà ni ti èyí tó tún tẹ̀ lé e.

Lálẹ́ ọjọ́ kan, tí Bernadine ti lọ,
mo fa rólù pupa burúkú yẹn jáde.
Mo dijú ku tín-ń-tín.
Mo fẹ̀yìn rìn, ìdí mi kan àpótí bọ́tìnnì.
Ó ṣì ń pè mí.
Mo mú sísọ́ọ̀sì.